Okùn Tó Di Iṣu Kò Tó Di Bàálù: Bí A Ṣe Ń So Ẹrù Mọ́lẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Òfurufú Akẹ́rù

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé.

Bí ẹ bá dé gáréèjì Kàbà lásìkò tí iṣu bá pọ̀, ẹ dúró wo àwọn tó ń di ẹrù sórí ọkọ̀. Ẹnì kan wà lókè, ẹnì kan wà nílẹ̀. Okùn á gba orí tàpólì kọjá, ẹni ilẹ̀ á fi ẹsẹ̀ kan ti ara ọkọ̀, á fà á títí okùn á fi máa dún gbìn-ìn bí ẹ bá fọwọ́ tà á. Ọkọ̀ yẹn á gba Ọ̀mùò já sí Èkìtì, tàbí kó gba Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ dé Ìlọrin, á wọ kòtò, á jáde, iṣu ò ní bọ́. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ayé. Nígbà tí mo wá ríṣẹ́ ní ṣẹ́ẹ̀dì ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú Èkó, mo fọ́nnu fún ọ̀gá tó gbà mí pé kò sí ẹrù tí mi ò lè dì. Ó ní kí n di àpótí kan mọ́ pálẹ́ẹ̀tì, pẹpẹ tí wọ́n ń to ẹrù bàálù lé, fún òun. Mo dì í bí a ṣe ń dì í nílé. Ó wò ó, ó yí i ká, ó ní, "Ó dáa. Tí ilẹ̀ bá yẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ ńkọ́?"

Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Lórí ọkọ̀ ilẹ̀, ìwúwo iṣu fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ okùn. Ẹrù wúwo, ó jókòó, okùn kàn ń sọ fún un pé kó má yẹsẹ̀ ni. Nínú bàálù, ilẹ̀ ń yẹ̀ lóòótọ́. Bí ó bá wọ inú afẹ́fẹ́ tó ń ru, ó lè já wálẹ̀ lójijì, ohun tí a kò so mọ́lẹ̀ á sì fò sókè bí èrò ẹ̀yìn ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ kò rí gegele ojú títì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó ń lọ ṣe iṣẹ́ àgbérù ní Èkó, Àbújá tàbí Ìlọrin ni mo kọ èyí fún, àti ẹ̀yin tó ń fi aṣọ, èlùbọ́ tàbí ẹ̀rọ ránṣẹ́ sókè òkun láti ilé níbí. Kò rọ́pò ẹ̀kọ́ tí iléeṣẹ́ yín máa fún yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹrù bàálù, ṣùgbọ́n ẹ ò ní dójú ti ara yín bíi tèmi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tí ẹrù ń gbà sá

Ọ̀nà márùn-ún ló ní. Ó ń sá síwájú nígbà tí bàálù bá ń tẹ bíréèkì. Ó ń sá sẹ́yìn nígbà tó bá ń gbéra, tí imú rẹ̀ yọ sókè. Ó ń sá sọ́tùn-ún, ó ń sá sósì. Èyí tí àwa onígáréèjì máa ń gbàgbé ni ìkarùn-ún: ó ń sá sókè. Kí ẹ tó mú okùn kankan, ẹ dúró níwájú ẹrù náà, ẹ nawọ́ sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín pé kí ni yóò dá a dúró níbẹ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "ó wúwo, kò lè lọ," ẹ kò tíì dì í.

Iwájú ló léwu jù nítorí ibẹ̀ ni awakọ̀ jókòó sí. Àwọn bàálù akẹ́rù kan ní ògiri líle tàbí àwọ̀n ńlá tí wọ́n ta sáàárín ẹrù àti àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n ṣe láti gba ẹrù tó bá ń bọ̀ pẹ̀lú agbára ìlọ́po 9 ìwúwo rẹ̀. Iṣẹ́ ògiri yẹn kò bẹ̀rẹ̀ àfìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán. Ẹ má gbójú lé e. Iye tí ìdè gbọ́dọ̀ gbà ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé bàálù kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì fi ti ọ̀kan ṣe ti èkejì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ilé ni ìdì ti ń bẹ̀rẹ̀

Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ gbọ́ dáadáa. Wọ́n máa ń ta àwọ̀n bo ẹrù mọ́ pálẹ́ẹ̀tì. Àyè tó ṣófo nínú páálí ní Ògìdì ni yóò di àwọ̀n tó dẹ̀ nínú bàálù. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí: páálí tí kò kún yóò wà nísàlẹ̀, mẹ́rin mìíràn yóò gun orí rẹ̀, ní òru yóò rún mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo òkìtì náà á rẹlẹ̀. Àwọ̀n tí wọ́n fún pinpin nírọ̀lẹ́ á wá dà bí aṣọ tí wọ́n yá wọ̀.

Mo jókòó ti ìyá kan tó ń hun aṣọ òkè ní Ògìdì nígbà tó ń di ẹrù ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ká aṣọ náà róbótó dípò kó ṣẹ́ ẹ, ó tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ibi tí ọwọ́ bá sì ti lè wọlé láàárín ká kan sí èkejì, ó fi àjákù òwú àti ègé aṣọ dí i. Lẹ́yìn náà ó dé páálí, ó gbé eékún rẹ̀ lé e lórí, ó tẹ̀ ẹ́. Kò wọlé. Ó tẹ ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ ṣe bíi tirẹ̀: páálí tí ògiri rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì ni kí ẹ lò, ẹ kún un títí dé ọmọrí, kí ẹ sì fi eékún dán an wò.

Èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí: àpò méjì, ọ̀rá nínú, kí ẹ rán ẹnu rẹ̀ dípò kí ẹ so ó ní kókó. Kókó yẹn ni wọ́n máa fi gbé e, ibẹ̀ náà ló sì máa ya.

Epo pupa ti kó ìtìjú bá mi. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹrù ránṣẹ́ fúnra mi, mo dá kẹ́ẹ̀gì epo kan dùbúlẹ̀ sórí páálí aṣọ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá àyè mu. Afẹ́fẹ́ inú bàálù kì í nípọn bíi ti ilẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí a bá gbé ẹrù gun òkè tó ga tó nǹkan bí 2,400 mítà, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá orí Chappal Waddi dọ́gba, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì á wú, á máa ti ìdérí. Tèmi jáde. Aṣọ àlejò ìgbéyàwó mẹ́fà ló fi ṣe obẹ̀. Ẹ dá kẹ́ẹ̀gì dúró lóròó, ẹ fi ọ̀rá sábẹ́ ìdérí kí ẹ tó lọ́ ọ pa, ẹ fi ọ̀rá méjì bò ó, ẹ fi ohun tó ń fa omi yí i ká nínú páálí tirẹ̀. Kó má ṣe wà lórí ẹrù ẹlòmíràn láéláé.

Àpótí pátákó ní òfin tirẹ̀. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ kò gbà kí pákó tútù wọlé, nítorí kòkòrò. Pákó náà gbọ́dọ̀ ti gba ooru 56°C dé inú ọkàn rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó sì ní òǹtẹ̀ tó fi hàn bẹ́ẹ̀. Pákó tí káfíńtà wa ṣẹ̀ṣẹ̀ là kò ní òǹtẹ̀ yẹn. Páláìwúùdù kò nílò rẹ̀, nítorí náà òun ni mo máa ń ní kí wọ́n fi kan àpótí.

Àwọn nǹkan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́ sínú ẹrù: èédú, nítorí ó lè gbaná fúnra rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ tí epo ṣì wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ gáàsì, bátìrì lithium tí ẹ kò kọ sílẹ̀. Bàálù akẹ́rù 747 kan tó gbéra ní Dubai ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 2010 gbaná níbi tí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí, àwọn awakọ̀ méjèèjì sì kú. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Ohun tí a bá fi pamọ́ ni kì í ní àyè.

Ìgbésẹ̀ kẹta: òṣùwọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan

Bí wọ́n ṣe ń ka owó: gígùn × ìbú × gíga ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ pín in sí 6,000. Páálí 60 × 50 × 40 á jẹ́ kílò 20. Èyí tó bá pọ̀ jù láàárín rẹ̀ àti ìwúwo gangan ni ẹ máa san. Ó tán.

Èyí tí mo fẹ́ sọ ni pé kí ẹ má ṣe dín kílò kù lórí ìwé. Mo mọ̀ pé a máa ń ṣe é. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1997, bàálù akẹ́rù DC-8 kan gbéra ní Miami ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú aṣọ jín-ìnsì. Aṣọ lásán o, kì í ṣe irin. Bí wọ́n ṣe to ẹrù náà sínú ọkọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé awakọ̀, ìwúwo sì ti sún sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ. Imú bàálù yọ sókè ju bó ṣe yẹ bó ṣe ń kúrò nílẹ̀, kò sì lè padà. Àwọn mẹ́rin inú rẹ̀ àti ẹnì kan nílẹ̀ ló kú.

Ẹ̀yin tó ti gun ọ̀kadà bọ̀ láti oko kaṣú mọ ohun tí mo ń wí. Àpò mẹ́ta lẹ́yìn, ẹ wá kan gegele, táyà iwájú á gbéra nílẹ̀, ọwọ́ yín á wà lórí ọwọ́ ọ̀kadà ṣùgbọ́n ọ̀kadà kò ní gbọ́ràn sí yín lẹ́nu mọ́. Bàálù náà nìyẹn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ wa máa ń kan ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: títo ẹrù sórí pálẹ́ẹ̀tì

Pálẹ́ẹ̀tì bàálù kì í ṣe ti pákó tí wọ́n fi ń kó sìmẹ́ǹtì ní Ọbajànà. Pẹpẹ aluminíọ̀mù ni. Èyí tí wọ́n ń lò jù nínú àwọn ńlá jẹ́ 318 × 244 sẹ̀ǹtímítà, àpapọ̀ òun àti ẹrù rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kọjá kílò 6,804. Ẹ máa bọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi ọwọ́ tọ́ etí rẹ̀ yí ká kí ohunkóhun tó gun orí rẹ̀. Ihò tóóró tó yí etí náà ká ni àwọ̀n àti bẹ́líìtì máa kọ́ sí. Bó bá ti ya, tó tẹ̀, tàbí tí ìgun rẹ̀ ká sókè, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti rí ẹni tó fi òòlù lù ú kó lè tọ́. Aluminíọ̀mù tí a bá fi òòlù tún ṣe kò ní agbára tó ní tẹ́lẹ̀, ẹ kàn bo àṣírí rẹ̀ ni.

Ẹ tẹ́ ọ̀rá fífẹ̀ sí i, kí etí ọ̀rá náà lè ká sókè bó bá ṣe pé ohun olómi wà níbẹ̀. Ẹrù wúwo nísàlẹ̀ àti láàárín. Páálí ni kí ẹ tò bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, kí èyí tó wà lókè bo ojú ìpàdé àwọn méjì tó wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá tò ó ní òpó-òpó, òpó kọ̀ọ̀kan á máa jó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kó má yọ kọjá etí pálẹ́ẹ̀tì. Bó bá ń lọ sí ìsàlẹ̀ bàálù ńlá, gíga rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá 163 sẹ̀ǹtímítà. Ti òkè ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ara bàálù rí róbótó, èjìká ẹrù gbọ́dọ̀ dín wọlé bó ṣe ń ga.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwọ̀n

Nẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ da ọ̀rá òjò bo ẹrù kí ẹ tó ta á, nítorí pálẹ́ẹ̀tì lè dúró níta nínú òjò kó tó wọkọ̀. Ẹ kọ́ àwọn ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, ẹ lọ fún ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i díẹ̀, ẹ padà wá. Bí ẹ bá fún apá kan tán pátápátá kí ẹ tó dé òdìkejì, ẹ ti fa òkìtì náà wọ́. Gbogbo ìkọ́ tó wà ní etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ihò, kí ẹ sì gbọ́ ọ nígbà tó bá mú: ó máa ń dún kọ́.

Òṣùwọ̀n tèmi: ẹ di ojú àwọ̀n kan mú, ẹ fà á síta. Bí ẹ̀ṣẹ́ yín bá lè wọ àárín òun àti ẹrù, ẹ tún un fún. Bí pálẹ́ẹ̀tì bá sùn mọ́jú, ẹ tún un wò láàárọ̀, àgàgà bó bá jẹ́ èlùbọ́. Èlùbọ́ máa ń jókòó wọra.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹrù kan tó dá wúwo

Ibí ni mo ti máa pẹ́, nítorí ibí ni àṣìṣe ti ń pa èèyàn.

Ká ní àwọn wẹ́dà wa ní Kàbà ṣe ẹ̀rọ ìfọ́ kaṣú kan tó wúwo tó kílò 600, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, àtẹ́lẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan 10 × 10 sẹ̀ǹtímítà. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń tẹ kílò 150 mọ́ ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí ẹ bá fi ìyẹn ṣírò mítà kan níbùú lóòró, ó tó kílò 15,000. Ilẹ̀ bàálù á lu. Ẹ to pátákó nípọn-nípọn sábẹ́ rẹ̀ ní 120 × 120 sẹ̀ǹtímítà, kó bá a di nǹkan bí kílò 417 fún mítà kan níbùú lóòró. Ìyẹn kì í ṣe dídì, ṣùgbọ́n láìsí i, dídì kò wúlò.

Ó wá kan bẹ́líìtì. Èyí tí wọ́n sábà ń lò nínú bàálù ní agbára kílò 2,268. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní, "Kílò 600, ọ̀kan ti pọ̀ jù." Ẹ wo igun rẹ̀ ná. Bí bẹ́líìtì bá dùbúlẹ̀ dé 30° sí ilẹ̀, nǹkan bí 1,960 nínú agbára rẹ̀ ló ń fa ẹrù sẹ́yìn kó má sá síwájú. Bó bá nà ró dé 60°, ó kù 1,134. Bó bá dúró ṣánṣán, kò di iwájú mú rárá, òkè nìkan ló dì. Èyí tó dùbúlẹ̀ jù náà kò ní agbára púpọ̀ sókè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pín wọn: àwọn kan fún iwájú, àwọn kan fún ẹ̀yìn, àwọn kan fún ẹ̀gbẹ́, kí gbogbo wọn sì jọ mú òkè. Ní méjì-méjì ni kí wọ́n wà, ọ̀tún àti òsì. Òrùka tí ẹ fi kọ́ ọ mọ́ ilẹ̀ náà ní agbára tirẹ̀, etí pálẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni agbára ìdè yín.

Bí ọwọ́ ṣe ń ṣe é: ẹ ti bẹ́líìtì bọ inú ojú irin ìfún, ẹ fà á títí tí kò fi dẹ̀ mọ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ irin náà sókè sódò láti fún un. Ó gbọ́dọ̀ yí ara ọ̀pá rẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á yọ̀. Bó bá sì yí i jù, á dì pọ̀, irin kò ní lè fún un mọ́. Ká-ká-ká ni irin yẹn ń dún. Nígbà tí ohùn rẹ̀ bá wúwo, tí apá yín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ dúró. Ẹ ti ọwọ́ irin náà padà sílẹ̀ pátápátá kó lè tì. Bẹ́líìtì kò gbọ́dọ̀ lọ́. Kò gbọ́dọ̀ ní kókó. Bó bá máa gba etí irin mímú kọjá, ẹ fi awọ tàbí rọ́bà sábẹ́ rẹ̀. Èyí tí etí rẹ̀ bá ti ń tú bí irun ìyá arúgbó, ẹ gé e sí méjì kẹ́nikẹ́ni má bàa tún lò ó. Ẹ má sì fi ṣéènì àti bẹ́líìtì di ọ̀nà kan náà mú. Ṣéènì kì í nà, bẹ́líìtì ń nà, ṣéènì ló máa dá jìyà títí á fi já.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ni ẹrù náà, ẹ má so bọ́dì rẹ̀. Ó ní sípíríǹgì, á máa fò lórí rẹ̀, bẹ́líìtì á máa dẹ̀ á máa le. Ibi tí wọ́n ṣe fún síso lára rẹ̀ tàbí áàsù, irin tó gba àárín táyà méjì, ni kí ẹ mú.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2013, bàálù akẹ́rù 747 kan gbéra ní Bagram ní Afghanistan. Ọkọ̀ ogun onírin márùn-ún ló gbé, méjì tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 12 àti mẹ́ta tó wúwo tó 18. Wọ́n fi bẹ́líìtì so wọ́n, kì í ṣe pé wọn ò so ó. Bí imú bàálù ṣe yọ sókè, ọ̀kan nínú wọn já, ó yí sẹ́yìn, ó fọ́ ọ̀pá epo tí wọ́n fi ń darí bàálù, ó sì ba ẹ̀rọ tó ń gbé ìyẹ́ ìrù rẹ̀ jẹ́. Àwọn méje inú rẹ̀ ló kú. Àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà rí i pé ìlànà tí iléeṣẹ́ náà fi ń di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò péye. Ẹ̀yìn. Ọ̀nà tí ìwúwo kò lè dá gbà là nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: nínú bàálù

Ilẹ̀ bàálù akẹ́rù kún fún róólà, pálẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀nù mẹ́fà ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń ti ìlẹ̀kùn. Ẹ má dúró níwájú èyí tó ń bọ̀, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ dá a dúró. Ohun tó ń mú un dúró ni àwọn lọ́ọ̀kì tó ń yọ sókè láti ilẹ̀. Gbogbo lọ́ọ̀kì ipò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dìde, kó sì mú etí pálẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ orí rẹ̀ pẹ̀lú bàtà. Bó bá wólẹ̀, kò tì.

Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ẹ má dákẹ́. Ìwé bàálù sọ iye tí wọ́n máa dín nínú ìwúwo ipò yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣírò kò lè dín ohun tí wọn kò sọ fún un. Bákan náà ni bí ẹ bá ti pálẹ́ẹ̀tì kan sí ipò mìíràn nítorí pé ó rọrùn. Ẹ wá loadmaster, ẹni tó ń bójú tó ẹrù inú bàálù, lọ, ẹ sọ nọ́ńbà pálẹ́ẹ̀tì àti ipò tó wà gan-an. Ó lè bínú pé ẹ fa àkókò sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó bínú.

Ẹ̀yin tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ láti ilé, ẹ jẹ́ kó dé ṣẹ́ẹ̀dì ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí àwọn tó ń tò ó má baà máa sáré. Bó bá gba ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ sí Ìlọrin, ẹ tún páálí fi eékún tẹ̀ nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀, nítorí ọ̀nà yẹn máa ń jókòó èlùbọ́ kí bàálù tó rí i.